Bàbá Onínọ́ńbà àti Ìwé Bàálù Tí Mo Tẹ̀

Ojú ìwé mẹ́jọ ni ìwé ètò ìsìnkú bàbá mi àgbà. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, lórí ẹ̀rọ tí àwọn fúnra wọn fi kọ́ mi níṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣómólú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, pé díákónì ni wọ́n nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, pé àwọn ni wọ́n tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Irọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàálù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo àdúgbò ń sọ nípa wọn títí wọ́n fi kú, mi ò kọ lẹ́tà kan nípa rẹ̀. Mo fò ó bí ẹni fo gọ́tà. Àwọn tó wá síbi ìsìn ń ṣí ìwé náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ń wojú ara wọn. Wọ́n rò pé àbùkù Bàbá ni mò ń bò. Àbùkù ara mi ni mò ń bò o, ẹ̀yin èèyàn, ó sì ti sú mi.

Bàbá Onínọ́ńbà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní Ṣómólú, àwa onítẹ̀wé pọ̀ ju aláta lọ. Ẹlòmíràn mọ káàdì ìgbéyàwó ṣe, ẹlòmíràn mọ kàlẹ́ńdà. Nọ́ńbà ni ti Bàbá. Rìsíìtì, tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé kíwèé tí nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀léra, láti Fọlá Agoro títí dé Abúlé Òkúta ni wọ́n ti ń gbé e wá. Ẹ̀rọ nọ́ńbà wọn kò ju páálí ìṣáná lọ. Irin ni, tó bá ti tẹ ọ̀kan, á sún fúnra rẹ̀ sí èjì. Bí iṣẹ́ bá parí, Bàbá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á fi àtàǹpàkò ṣí gbogbo ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè wọn á máa mì. Bí ẹ bá kí wọn nígbà yẹn, ẹ máa dúró. Alága ìjọba ìbílẹ̀ náà máa dúró.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà ti gbé rìsíìtì rẹ̀ lọ sí Ọbáníkòró kí Bàbá tó rí i nínú àwọn ẹ̀dà tó bàjẹ́ tó kù nílẹ̀ pé nọ́ńbà kan ti fò. Ẹ̀rọ ti há díẹ̀, ó sì ti fo nọ́ńbà kan láàárín. Oòrùn ń mú gan-an. Bàbá wọ bàtà, wọ́n lọ gbà á padà, wọ́n sì tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀. Mo ń kùn bí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, torí èmi ni mo máa tò ó. Mo ní, "Bàbá, nọ́ńbà kan péré! Ta ló máa mọ̀?"

Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìwọ ti mọ̀, èmi náà ti mọ̀. Èèyàn méjì ti pọ̀ jù."

Ẹ má rò pé áńgẹ́lì ni wọ́n o. Bàbá lè bínú. Bí inú bá bí wọn sí ẹ, wọn ò ní pariwo, wọ́n á kàn máa bá ẹ sọ̀rọ̀ bíi pé àlejò ni ẹ́, ìyẹn sì burú ju ìgbájú lọ. Wọ́n ṣe é fún pásítọ̀ wa pàápàá. Ìkórè ń bọ̀, Pásítọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí Bàbá bá àwọn tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún kan, kí àwọn èèyàn lè rò pé ó ti ń tà. Pásítọ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọgbọ́n ni. Bàbá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin ẹ máa wàásù, ẹ jẹ́ kí èmi máa kà á."

Ọjọ́ Ìsinmi mélòó kan ni Bàbá fi jókòó sẹ́yìn ìjọ, tí wọ́n kọjú sí fèrèsé. Ìgbà tó yá ni Pásítọ̀ gbé iṣu wá sílé. Bàbá jẹ iṣu náà dáadáa. Oókan ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí ṣọ́ọ̀bù mìíràn kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ tábìlì ìgéwé wa, àpótí onígi kan wà níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tó bá jáde, ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wọnú àpótí yẹn. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á yí i padà, á kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sí igun ìsàlẹ̀, lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń lọ sílé bí kò bá tíì kọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé ìkànìyàn ni Bàbá ń kó jọ. Èmi ti ń kọ orúkọ mi síbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, "Ìbídùn," gbàgàdà báyìí, torí inú mi máa ń dùn láti rí i. Bàbá máa ń fi oríkì mi pè mí, wọ́n á ní, "Àjọkẹ́, iṣẹ́ tí o kò bá lè kọ orúkọ ẹ sí lẹ́yìn, má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

Ẹ ṣe mí ní sùúrù, mo ti ń dé ọ̀rọ̀ bàálù.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kékeré kan wà nígbà náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, kò sì sí mọ́. Bàálù mẹ́ta péré ni wọ́n ní, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti gbó. Àwa là ń tẹ ìwé wọn tí wọ́n ń pè ní lọ́ọ̀gì. Bí bàálù bá ti balẹ̀, awakọ̀ á kọ ohun tó bá ṣàkíyèsí sínú lọ́ọ̀gì yẹn: táyà ń dún, iná kan ò tàn. Ẹnjiníà á kọ ohun tó tún ṣe sábẹ́ rẹ̀, á fọwọ́ sí i. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fa ọ̀kan ya kó sì fi òmíràn rọ́pò. Nítorí nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ṣe wá Bàbá kàn.

Bàbá ò wọ bàálù rí láyé wọn. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá ń fò kọjá lórí Bàrígà, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkẹjà, wọ́n á jáde síta, wọ́n á fọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n á ní, "Oníbàárà mi ń lọ nìyẹn." Àìmọye ìgbà ló jẹ́ pé bàálù ẹlòmíràn ni. Ilé-iṣẹ́ náà máa ń fọ́nnu pé láti ìgbà tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó kú nínú ọkọ̀ àwọn, kò sí ẹni tó fara pa. Òótọ́ ni lásìkò yẹn. Bàbá máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù bíi pé àwọn náà bá wọn wà á.

Ọ̀gbẹ́ni Fálànà ló máa ń gbé iṣẹ́ náà wá. Ó jù mí lọ dáadáa, ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é. Ẹ má bínú, mi ò ní ṣe é.

Bàbá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìsìnkú àbúrò wọn. Èmi ni mo ń dá ṣọ́ọ̀bù ṣe. Ọ̀sán gangan ni Fálànà wọlé, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù méjì dání, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún mi. Ó ní òjò ti ba ìwé lọ́ọ̀gì kan jẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn, òun fẹ́ kí n tẹ òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ó ti kọ nọ́ńbà náà sínú bébà. Mo wò ó. Mo mọ̀ pé a ti tẹ nọ́ńbà yẹn rí. Mo ní, "Sà, Bàbá ò ní gbà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí Ìbídùn, Bàbá ti dàgbà. Ta ló ń ṣe ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an? Ṣé kì í ṣe ìwọ ni ọ̀gá ibí? Ìwé pélébé tí èrò fi ń wọ bàálù, kàlẹ́ńdà wa, ìwé tí èrò ń kà nínú ọkọ̀, ìwọ ni mo fẹ́ kó o máa tẹ gbogbo ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣẹ́jú sí mi. "Má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá gbọ́ sí i o. Wọ́n á kàn máa dà wá láàmú."

Ibi tó ti ṣẹ́jú yẹn ni mo ti mọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Bó bá jẹ́ òjò ló ba ìwé jẹ́ lóòótọ́, kí ló fẹ́ máa fi pa mọ́ fún Bàbá? Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó pè mí yẹn ti wọ̀ mí lára. Èmi tí mo ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, tí àwọn oníbàárà ṣì máa ń bi pé "Bàbá dà?" bíi pé igi ni mo jẹ́. Mo yí ẹ̀rọ nọ́ńbà padà sẹ́yìn pẹ̀lú ìka mi, mo sì tẹ̀ ẹ́. Kó tó di àṣálẹ́, mo ti dì í, ó ti gbé e lọ.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mo mú ẹ̀dà kan, mo yí i padà, mo kọ "Ìbídùn" àti ọjọ́ sí igun rẹ̀, mo sì jù ú sínú àpótí. Ọwọ́ mi ló ṣe é, mi ò tiẹ̀ ronú sí i. Olè wo ló ń kọ orúkọ sílẹ̀ níbi tó ti jalè? Ọmọ Bàbá Onínọ́ńbà ni.

Ó ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀kan nínú bàálù náà ṣẹ́ nígbà tó ń balẹ̀. Ó fi imú wọ́lẹ̀, ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà wọ inú igbó. Kò sẹ́ni tó kú. Àwọn kan fara pa, èyí tó le jù nínú wọn ni ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ náà. Egungun ìdí rẹ̀ ló fọ́. Rédíò ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, a dá ẹ̀rọ dúró. Fálànà fúnra rẹ̀ bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó ní, "Àwọn olùyẹ̀wò ìjọba ti yẹ ìwé bàálù náà wò. Kò sí àbùkù kankan tí ẹnikẹ́ni kọ nípa ẹsẹ̀ yẹn rí."

Bàbá pa rédíò. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ wo ìgbà tí a tẹ lọ́ọ̀gì náà kẹ́yìn. Mo dúró bí òpó. Wọ́n yọ bébà kan, wọ́n yọ èkejì, wọ́n tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì.

"Àjọkẹ́, wá. Ka nọ́ńbà yìí fún mi."

Mo kà á.

"Ka èkejì."

Nọ́ńbà kan náà ni. Orúkọ Bàbá ló wà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, láti ọdún méjì sẹ́yìn. Orúkọ tèmi ló wà lẹ́yìn èkejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo ní, "Ó ní òjò ló bà á jẹ́, Bàbá! Ó ní òjò ni!" Bàbá kàn ń wò mí. Kì í ṣe ìbínú. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn. Bí wọ́n ṣe wò mí jọ bí wọ́n ṣe máa ń wo ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ fò, tí wọ́n á máa wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì rí náà ni mo rí: pé àwọn awakọ̀ ti kọ ọ́ léraléra pé ẹsẹ̀ yẹn ò dáa, pé ìwé òfìfo tí mo tẹ̀ ni wọ́n tún kọ, tí wọ́n fi rọ́pò èyí tí ẹjọ́ àwọn awakọ̀ wà nínú rẹ̀.

Wọ́n mú bíléèdì tá a fi ń géwé, wọ́n gé igun tí orúkọ mi wà kúrò. Wọ́n ti igun náà bọ àpò àyà. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó bébà méjèèjì sínú àpòòwé, wọ́n ní àwọn ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn olùyẹ̀wò ní Ìkẹjà. Mo dì wọ́n lápá lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, kí lẹ fẹ́ sọ fún wọn?"

"Mo máa sọ pé ṣọ́ọ̀bù mi ló ti jáde," Bàbá ní. "Ìyókù, nígbà tó o bá ṣe tán, wàá sọ ọ́."

Bébà méjì yẹn ló tú ilé-iṣẹ́ náà ká. Ìjọba dá bàálù wọn dúró, Fálànà àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ rojọ́. Ṣùgbọ́n ní Ṣómólú, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún Bàbá. Àwọn kan ní Bàbá tú àṣírí oníbàárà. Àwọn kan ní wọ́n tẹ ayédèrú ìwé, ẹ̀rù ló bà wọ́n tí wọ́n fi lọ jẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ onítẹ̀wé pè wọ́n sí ìpàdé. Bàbá ló máa ń parí ìjà fún ẹgbẹ́ náà, àga wọn máa ń wà níwájú. Alága ẹgbẹ́ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́?"

Ìlà kẹta ni mo jókòó sí. Bàbá ò bojú wo ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní, "Ṣọ́ọ̀bù mi ni."

Ẹgbẹ́ gba ipò onílàjà náà lọ́wọ́ Bàbá. Ojú gbogbo èèyàn ni Bàbá ti dìde lórí àga yẹn, tí wọ́n rìn lọ sẹ́yìn. Kí ni èmi ṣe? Mo jáde lọ ra omi tútù fún wọn. Omi tútù! Ẹ gbọ́ ẹ̀bùn tí mo fi san oore.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn aláìmoore ti yí orúkọ wọn padà sí Bàbá Nọ́ńbà Méjì. Iṣẹ́ nọ́ńbà ò wá mọ́. Bàbá ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Mo máa ń gbé ògì àti àkàrà síwájú wọn, wọ́n á gbójú sókè wò mí, wọ́n á dúró díẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Èmi náà á máa wo àkàrà. Nígbà tó bá yá, wọ́n á ní, "Ó dáa, jẹ́ ká ṣiṣẹ́." Ọdún méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, ṣé o ti ṣe tán?" Mo ní, "Bàbá, ẹ sinmi." Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kú.

Níbi ìsìn ìdágbére nínú ọgbà ilé wa ní Fọlá Agoro, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Kò tíì dàgbà tó ẹni tó ń lo ọ̀pá. Ó ní Ṣadé lorúkọ òun, òun lòun ń tọ́jú èrò nínú bàálù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ di ẹ̀bi ru awakọ̀ àti àwọn tó wà nínú ọkọ̀, pé bébà tí bàbá wa gbé lọ ló gba àwọn sílẹ̀. Ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ̀jẹ̀ olóòótọ́ ló wà lára yín."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Mo gba ọpẹ́ yẹn. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tí mo sọ di arọ, mo sì fún un ní ìwé ètò ìsìnkú mi tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta tá a sin Bàbá, mo ń kó ẹrù wọn. Mo ṣí àpò awò ojú wọn. Igun bébà kékeré yẹn wà níbẹ̀, ó ti pọ́n díẹ̀: "Ìbídùn," gbàgàdà, àti ọjọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún títí ohùn mi fi há. Wọ́n ti ń gbé e kiri látọjọ́ náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kàwé ni wọ́n ń rí i.

Mo wádìí ilé Ṣadé ní Ọbáníkòró, mo gbé e lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó wo igun bébà náà pẹ́, ó yí i, ó tún yí i. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò pè mí ní ẹ̀yin mọ́.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Bàbá nìkan ló mọ̀. Ní báyìí, ẹ̀yin."

"Mi ò lè dárí jì ọ́ lónìí," ó ní. "Má purọ́ fún ara ẹ pé mo ti ṣe é. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé tí wọ́n fi ba bàbá yẹn jẹ́, ṣé kì í ṣe ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe? Dìde. Lọ tẹ òótọ́."

Òun ni mo tẹ̀ yìí. Gbogbo ibi tí ìwé ètò ìsìnkú dé ni màá gbé e dé, ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù, títí kan ọ̀dọ̀ Alága ẹgbẹ́. Mo fi ẹ̀rọ Bàbá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó bẹ̀rẹ̀ láti oókan, mo sì fi àtàǹpàkò ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí èyí tó fò, kò sí èyí tó pé méjì. Mo ti fi ẹ̀dà kan sínú àpótí. Bàbá, mo ti ṣe tán. Orúkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀.